Ṣé fair use ni àbí wàhálà? Ibi tẹ́ ẹ ti lè rí ìmọ̀ràn gidi nípa copyright

Ìṣẹ́jú àáyá 9 péré ni. Orin tí mo fi sábẹ́ fídíò yẹn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo tiẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú, torí ọ̀rẹ́ mi kan ti fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé tí kò bá ṣáà ti pé 10, fair use nìyẹn, ìyẹn ni pé mo lè lò ó láì tọrọ àṣẹ, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ìméèlì fi wọlé pé orin náà ní olówó, pé owó tí fídíò yẹn bá pa ti di tiẹ̀. Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní níbo gan-an lo ti ka ọ̀rọ̀ 10 yẹn, ó ní "ah ah, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n ná." Mo wá a kiri fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mi ò rí òfin kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí, ti 10 ni o, ti 30 ni o, ti ìdá mẹ́wàá ni o.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ copyright fúnra rẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ kọ síbí nìyẹn. Mi ò ní sọ fún yín pé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò yẹn dáa àbí kò dáa o, èmi kì í ṣe lọ́yà. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ kà ni mo fẹ́ fi hàn yín, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn mọ ohun tó ń sọ, torí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí ò mọ̀ ló ń pariwo jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: òfin ilẹ̀ ibo lẹ̀ ń wá?

Copyright ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan, yálà orin ni, fọ́tò, ìwé, fídíò tàbí sọfítíwìa, pé òun ló lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tà á, gbé e síta, tàbí fún ẹlòmíì láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Fair use ni àyè tí òfin fi sílẹ̀ kí àwọn tó kù lè ṣe lámèyítọ́, kí wọ́n kọ́ni, kí wọ́n ròyìn, kí wọ́n fi nǹkan ṣẹ̀fẹ̀, láì kọ́kọ́ lọ tọrọ àṣẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òfin Amẹ́ríkà ni fair use yìí. Abala 107 nínú òfin copyright wọn ti ọdún 1976 ló wà, àwọn adájọ́ wọn sì ti ń lo irú èrò bẹ́ẹ̀ látọdún 1841 kó tó wọnú ìwé òfin rárá.

Tẹ́ ẹ bá dé Bìrìtìkó, fair dealing ni tiwọn, kì í sì í ṣe orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Òfin wọn ti 1988 ka àwọn ìdí tó gbà: ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, lámèyítọ́, fífa ọ̀rọ̀ yọ, ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀fẹ̀ àti àfiṣẹ̀sín. Tí ìdí tiyín ò bá sí nínú wọn, ẹ lè ṣe é tìwàpẹ̀lẹ́tìwàpẹ̀lẹ́, kò kàn wọ́n. Ẹ tún wo èyí o: nínú òfin Bìrìtìkó yẹn, àyè tí wọ́n fún àwọn oníròyìn ò kan fọ́tò rárá. Ẹni tó bá ka àlàyé àwọn ará Amẹ́ríkà, tó wá lọ fi fọ́tò olófọ́tò gbé ìròyìn ní Bìrìtìkó, ó ti wọ gàù nìyẹn. Kánádà, Ọsirélíà àti Íńdíà náà fair dealing ni wọ́n ń lò, Nàìjíríà bẹ́ẹ̀, àmọ́ abala 20 nínú òfin Nàìjíríà ti 2022 tún fi àwọn ìbéèrè mẹ́rin tó jọ ti Amẹ́ríkà kún un. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union ò ní fair use, àwọn àyè tí òfin kà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ísírẹ́lì, Singapore, South Korea àti Philippines ní nǹkan tó sún mọ́ ti Amẹ́ríkà.

Ṣé ẹ wá rí i pé ìbéèrè náà "ṣé fair use ni?" ò tíì pé, ẹ ò tíì sọ pé níbo. Lójú tèmi, ó kéré tán, òfin méjì ló yẹ kẹ́ ẹ wò: ti ibi tẹ́ ẹ wà, àti ti ibi tí ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé nǹkan sí fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ńlá, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń yọ nǹkan kúrò.

Ohun kan tó kárí ayé ni àdéhùn Berne, ti ọdún 1886. Òun ló fà á tí iṣẹ́ èèyàn fi ní ààbò ní kété tó ti ṣe é, láì forúkọ sílẹ̀, láì fi àmì © sí i. Nítorí náà ẹni tó bá ní "mi ò rí © níbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe mú un," ẹ má jókòó gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ìbéèrè yín kọ

Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀gá òfin pàápàá pé "ṣé mo lè lo fídíò yìí," ohun tó máa sọ ni pé ó sinmi lé nǹkan. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni nǹkan náà gan-an, ta ló ni ín, ọdún wo ló jáde, báwo ni èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú ṣe pọ̀ tó nínú gbogbo rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ibo ló máa wà, ṣé owó máa wọlé. Ẹ máa yà yín lẹ́nu pé ìdajì ìdáhùn máa ń jáde látinú kíkọ yẹn nìkan.

Ẹ má sì sáré dé orí fair use. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá nǹkan náà tiẹ̀ ní ààbò mọ́. Èrò lásán kò ní copyright, bí wọ́n ṣe gbé èrò náà kalẹ̀ ló ní. Nǹkan tó ti pẹ́ gan-an ti di ti gbogbo ayé: ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó jáde lọ́dún 1929 bọ́ sọ́wọ́ gbogbo èèyàn ní January 1, 2025, tí wọ́n sì ń fi ọdún kọ̀ọ̀kan kún un bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, ikú ẹni tó ṣe é ni wọ́n fi ń kà á, wọ́n á wá ka 70 ọdún sí i. Pàkúté kan wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Orin tí wọ́n kọ ní 150 ọdún sẹ́yìn lè ti bọ́, kí ẹgbẹ́ akọrin kan tún wá kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ohùn tiwọn yẹn ní olówó. Orin lọ́tọ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó máa ń ní "ti ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni" náà nìyẹn, ìyẹn jẹ́ òótọ́ lórí iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ Bìrìtìkó ní Crown copyright, ìjọba ibẹ̀ ló ni tiẹ̀.

Láìsẹ́ǹsì náà ńkọ́? Tí ẹni tó ni ín bá ti fi Creative Commons sí i, ìyẹn ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ tó ń sọ ohun tẹ́ ẹ lè fi iṣẹ́ náà ṣe, ó ti dá yín lóhùn ṣáájú kẹ́ ẹ tó bèèrè. Mẹ́fà ni àwọn láìsẹ́ǹsì yẹn, gbogbo wọn ló fẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Èyí tó bá ní NC ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣòwò, ND ò fẹ́ kẹ́ ẹ yí i padà, SA fẹ́ kẹ́ ẹ gbé tiyín náà jáde lábẹ́ láìsẹ́ǹsì kan náà. Ẹ tẹ lìǹkì rẹ̀ kẹ́ ẹ kà á o, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu lásán sọ fún yín pé "Creative Commons ni."

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ sí orísun

Níbí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ copyright tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ló pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin yẹn fúnra rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì gùn tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Abala 107 ti Amẹ́ríkà yẹn, ìpínrọ̀ bíi mélòó kan péré ni, ẹ máa kà á tán kí tíì tó tutù. Ó dárúkọ lámèyítọ́, àlàyé, ìròyìn, ìkọ́ni, iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé àti ìwádìí bí àpẹẹrẹ, lẹ́yìn náà ló wá ka ohun mẹ́rin tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wò: ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣe àti irú ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà, irú iṣẹ́ tí èyí tẹ́ ẹ mú jẹ́, ìwọ̀n tẹ́ ẹ mú àti bó ṣe jẹ́ gbòǹgbò tó, àti ohun tó máa ṣe fún ọjà ẹni tó ni ín. Wọ́n á gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwọ̀n pọ̀ ni. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Sáìtì Cornell tí wọ́n ń pè ní Legal Information Institute gbé e síta lọ́nà tó rọrùn láti kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí copyright.gov, ilé ọ́fíìsì copyright Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Circular, Circular 1 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti lọ́yà. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni Fair Use Index, tí wọ́n gbé jáde ní 2015. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, tébù gbọọrọ kan lẹ máa rí: orúkọ ẹjọ́, kọ́ọ̀tù tó dá a, ọdún, àti ibi tó já sí. Ẹ lè ṣà á kó jẹ́ ti orin nìkan tàbí ti fọ́tò tàbí ti àfiṣẹ̀sín. Ẹ tẹ ẹjọ́ kan, PDF kékeré kan á ṣí, wọ́n á ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ìbéèrè tó wà níwájú adájọ́, àti ìdí tó fi dá a bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo máa ń ka ẹjọ́ mẹ́ta tí adájọ́ ti ní fair use ni àti mẹ́ta tó ti ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, lórí irú nǹkan tí èmi náà fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn mẹ́fà yẹn, etí èèyàn á ti là, á ti máa gbọ́ ohun tó ń bí adájọ́ nínú.

Ẹ jẹ́ kí n fi méjì hàn yín, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn á sì tán pátápátá. Lọ́dún 1984, nínú ẹjọ́ Sony àti Universal, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní ẹni tó gba odidi ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílé rẹ̀ kó lè wò ó nígbà tó bá ráyè ò jẹ̀bi, odidi ètò o, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún kan lẹ́yìn náà, 1985, kọ́ọ̀tù kan náà yẹn ní ìwé ìròyìn kan jẹ̀bi torí pé ó mú bí ọ̀rọ̀ 300 látinú ìwé tí ààrẹ wọn tẹ́lẹ̀ kọ, ìwé tó ní bí 200,000 ọ̀rọ̀. Ìdí ni pé ìwé náà ò tíì jáde, àti pé ibi tí ìwé náà dùn sí gan-an ni wọ́n bù, tí ìwé ìròyìn míì tó ti fẹ́ sanwó fún un fi jáwọ́. Odidi lọ́fẹ̀ẹ́, 300 ọ̀rọ̀ ní ẹ̀bi. Ibo ni 10 ìṣẹ́jú àáyá ti fẹ́ wọlé síbẹ̀?

Mo sì rò pé mo mọ ibi tí 30 yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, àwọn kan tó ń ṣojú fún iléèwé àti àwọn oníṣẹ́ jókòó ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ìlànà kan fún àwọn olùkọ́ tó ń fi orin àti fídíò ṣe iṣẹ́ kíláàsì, wọ́n ní kí orin má ju ìdá mẹ́wàá lọ, kó má sì kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30. Àdéhùn lásán ni, ti inú kíláàsì ni, kò di òfin rí. Àmọ́ ó jọ pé òun ló bọ́ sígboro tó wá di "gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

Tó bá jẹ́ ti ibòmíì lẹ̀ ń wá: Intellectual Property Office ti Bìrìtìkó ní ojú ìwé kan lórí gov.uk tó ṣàlàyé gbogbo àyè tí òfin fi sílẹ̀, òfin náà fúnra rẹ̀ sì wà ní legislation.gov.uk. Australian Copyright Council ní àwọn ìwé àlàyé ọ̀fẹ́ tó dáa gan-an. Tí ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rárá, WIPO, àjọ tó ń rí sí irú ẹ̀tọ́ yìí lágbàáyé, tó wà ní Geneva, ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní WIPO Lex, ẹ tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè, ẹ máa rí òfin ibẹ̀.

Ẹ wo ọdún tó wà lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á o. Ẹ máa rí ojú ìwé tó ṣì ń ṣàlàyé òfin Nàìjíríà àtijọ́ bí ẹni pé ti 2022 ò tíì dé, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ọjọ́ ló ti lọ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjọ́ ló ń ba ìmọ̀ràn jẹ́ jù

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí. Ẹ wo ẹjọ́ Google àti Oracle, lórí kóòdù Java tó wà nínú Android. Ní 2016 àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní fair use ni. Ní 2018 kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2021 kọ́ọ̀tù tó ga jù ní fair use ni, adájọ́ mẹ́fà sí méjì. Ẹ wá ro ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ tó dùn-ún kà ní 2019 lórí ọ̀rọ̀ kóòdù, tí Google sì ń gbé e wá sókè fún yín títí dòní. Ti ayàwòrán Andy Warhol náà rèé, àwòrán akọrin Prince tó fi fọ́tò tí Lynn Goldsmith yà ṣe: 2019 kọ́ọ̀tù kékeré gbe apá Warhol, 2021 wọ́n yí i padà, 2023 kọ́ọ̀tù tó ga jù gbè fún Goldsmith. Kó tó di 2023, àwọn èèyàn ń sọ kiri pé tẹ́ ẹ bá ṣáà ti sọ nǹkan di tuntun, ó ti parí. Ẹjọ́ yẹn mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, pàápàá tó bá jẹ́ pé ohun kan náà tí ẹni tó ni ín ń tà á fún lẹ̀yin náà ń tà á fún.

Nítorí náà, tí àlàyé kan ò bá ní déètì, mo máa ń pa á dé ni, kò sí ìjà.

Ìgbésẹ̀ kárùn-ún: àwọn tó ń túmọ̀ òfin, àti ibi tí wọ́n fì sí

Àwọn tí mo gbára lé jù ni àwọn láìbìrì yunifásítì. Iṣẹ́ wọn ni, ojoojúmọ́ ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń da ìbéèrè yìí bò wọ́n, wọn ò sì ní nǹkan tí wọ́n ń tà fún yín. Stanford ní sáìtì kan lórí copyright àti fair use tó ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láìbìrì Cornell ní tébù kan tó ń fi hàn yín bóyá iṣẹ́ kan ti bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé. Columbia ní ìwé àyẹ̀wò kan fún ohun mẹ́rin tí mo kà lókè, ẹ máa fi àmì sí èyí tó gbè yín àti èyí tó ta kò yín. Fún àwọn tó ń ṣe fídíò, American University ní Washington ran àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ láti kọ ìlànà tiwọn: àwọn tó ń ṣe fíìmù àkọsílẹ̀ ní 2005, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2008, àwọn láìbìrì ní 2012. Ìwọ̀nyẹn dáa torí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an ló jókòó sọ ohun tó bọ́gbọ́n mu.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn tó ni iṣẹ́, bí ilé iṣẹ́ orin àti fíìmù, mọ òfin dunjú, àmọ́ wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé fair use ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Àwọn bí Electronic Frontier Foundation tó ń jà fún aráàlú náà mọ̀ ọ́n dunjú, wọ́n á sì sọ ọ́ bí ẹni pé ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ẹ ka ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan ni ilẹ̀ ti le.

Ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ ti àwọn ìkànnì fídíò wá ńkọ́? Ẹ kà á, ó ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń kà. Òfin ilé wọn ni. Ẹ̀rọ tó mú orin mi ìṣẹ́jú àáyá 9 yẹn ò mọ fair use, ó kàn fi ohùn wé ohùn ni. Ẹ lè jàre lábẹ́ òfin kí ẹ̀rọ mú yín, ẹ sì lè jẹ̀bi kí ẹ̀rọ má rí yín. Tó bá jẹ́ ìwé ìyọkúrò gidi lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí ní 2015 kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn kan ní ìhà ìwọ̀ oòrùn wọn sọ nínú ẹjọ́ Lenz, lórí fídíò ìṣẹ́jú àáyá 29 tí ọmọ kékeré kan ti ń jó, pé ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yọ nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro fair use wò kó tó kọ̀wé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi chatbot, mo gbọ́ yín, èmi náà máa ń bi í. Ó dáa fún kí ó sọ fún yín pé ẹjọ́ wo lẹ lè wá. Àmọ́ ẹ wá a lóòótọ́. Ní 2023, ní New York, nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, àwọn lọ́yà gbé ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ lọ síwájú adájọ́, orúkọ pé, nọ́ńbà pé, kò sì sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Adájọ́ bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn. Tí lọ́yà bá lè kó sí i, àwa ńkọ́? Ẹ tẹ orúkọ ẹjọ́ náà sínú CourtListener tàbí Google Scholar, CanLII fún Kánádà, BAILII fún Bìrìtìkó. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi bébà ṣe é

Ẹ jẹ́ ká sọ pé lámèyítọ́ fíìmù lẹ fẹ́ ṣe, fídíò ìṣẹ́jú 12, tẹ́ ẹ fẹ́ fi àwọn ìran díẹ̀ látinú fíìmù náà hàn. Bí tèmi ṣe máa rí lórí bébà rèé. Ohun tí mo fi ń ṣe: mò ń ṣàlàyé ìdí tí ìran yẹn ò fi wọ̀, ohùn mi ń lọ lórí rẹ̀, mò ń dá a dúró láti tọ́ka sí nǹkan, ó gbè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpolówó wà lórí fídíò náà. Irú iṣẹ́ tó jẹ́: ìtàn àròsọ ni, ó ta kò mí díẹ̀, àmọ́ ó ti jáde fún gbogbo ayé. Ìwọ̀n: ìran mẹ́rin, èyí tó gùn jù ìṣẹ́jú àáyá 20, mo sì kọ ìdí tí mo fi nílò ìkọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ "torí ó dùn-ún wò" síwájú ìkẹta, mo gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ọjà: kò sẹ́ni tó máa wo fídíò mi kó wá ní òun ò ra fíìmù náà mọ́ torí òun ti wò ó tán, àyàfi tí mo bá fi ìparí rẹ̀ hàn, mi ò sì fi hàn.

Ẹ fi déètì sí bébà yẹn, ẹ fi lìǹkì ohun tẹ́ ẹ kà sí i, ẹ fi pamọ́. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọjọ́ tí ìwé bá dé, ẹ ò ní máa wá ohun tẹ́ ẹ rò lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Àti pé kíkọ "mi ò ni orin yìí o" tàbí "fair use ni" sábẹ́ fídíò kò jẹ́ nǹkan kan lábẹ́ òfin, ó tiẹ̀ tún ń jẹ́rìí pé ẹ mọ̀ pé ti ẹlòmíì ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ wá lọ́yà

Tí ìwé tó ní kẹ́ ẹ sanwó bá dé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ counter-notification, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń ta ko ìwé ìyọkúrò kí wọ́n lè dá nǹkan yín padà, torí ẹ máa búra níbẹ̀, ẹ sì máa gbà pé wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, kì í ṣe fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún pẹ̀lú ìbínú láàárín òru. Tí iṣẹ́ náà bá ní owó gidi nínú. Ní Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ kan péré tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, adájọ́ lè bu owó láti $750 dé $30,000 lé èèyàn, ó sì lè dé $150,000 tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Lọ́yà tó ń ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ o, ẹ bèèrè ẹni tó ń ṣe copyright gangan, kẹ́ ẹ sì bi í pé irú ẹ̀ mélòó ló ti ṣe. Tí owó ò bá sí, àwọn iléèwé òfin kan ní klíníìkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wọn lọ́fẹ̀ẹ́, Volunteer Lawyers for the Arts sì ti ń ran àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ ní New York látọdún 1969. Ẹ mú bébà yẹn dání lọ, owó wákàtí lọ́yà á dín kù.

Ọ̀nà míì ṣì wà tí èèyàn kì í rántí, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni nǹkan. Ẹ kọ ọ́ ṣókí: orúkọ yín, ohun náà gan-an tẹ́ ẹ fẹ́ lò, láti ibo dé ibo, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, ibi tó máa wà, bó ṣe máa pẹ́ tó, bóyá owó wà nínú rẹ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe máa kọ orúkọ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dáhùn, ìméèlì tó, kì í ṣe lórí fóònù. Orin sábà máa ń ní olówó méjì, ti ẹni tó kọ ọ́ àti ti ilé iṣẹ́ tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ẹ bi àwọn méjèèjì. Tí wọn ò bá fèsì, ẹ má ka àìfèsì sí "bẹ́ẹ̀ ni". Èmi kọ̀wé nípa orin mi yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan dáhùn, ẹnì kejì ò dáhùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyẹn ni mo ṣe yọ orin náà tí mo fi ọ̀kan tó ní CC BY, ìyẹn láìsẹ́ǹsì Creative Commons tó kàn fẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é, rọ́pò rẹ̀, tí mo sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sábẹ́ fídíò.